Ojú Tí Ẹ Kàn Mọ́ Ògiri Mi

Isuada, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì, 2025.

Yétúndé, ìyá mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbọ́ pé yìnyín ń já bọ́ lọ́dọ̀ yín ní Leeds. Ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ìkíni parí síbẹ̀, nítorí inú ń bí mi, n kò sì fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, àbúrò mi Olúyẹ́misí yọ sí mi láti Ọ̀wọ̀, òun pẹ̀lú ìyá ìjọ méjì. Wọ́n ní àwọn wá gbàdúrà. Mo rò pé nítorí màmá rẹ ni, pé wọ́n fẹ́ bẹ Ọlọ́run kí ìrántí rẹ̀ padà. Mo ní kí wọ́n jókòó. Toyyibah tó ń bá mi tọ́jú màmá rẹ gbé omi fún wọn. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹ̀mí àgbèrè jáde lára mi! Lára èmi Akínwọlé, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́!

Mo ní, "Kí lẹ wí?" Olúyẹ́misí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má purọ́ fún Ọlọ́run. Obìnrin tó ń wá bá yín ńkọ́?" Ó na fóònù sí mi lójú. Àwòrán obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ó wọ ìró àdìrẹ, ojú rẹ̀ hàn kedere, omi sì wà lójú náà. Nínú àwòrán náà, mo di ọwọ́ obìnrin náà mú, a ń wọ yàrá kékeré tí màmá rẹ ti máa ń ránṣọ. Mo bi Olúyẹ́misí pé ta ló ya àwòrán nínú pálọ̀ mi. Ó ní ìwọ lo fi ránṣẹ́ sí òun.

Yétúndé, mo gbójú sókè. Nǹkan funfun tí Kingsley àbúrò rẹ ní kí Christopher oníná kàn mọ́ igun ògiri nígbà tó wá ṣe Kérésìmesì, tó ní yóò máa ké bí èéfín bá wọlé, ojú ni! Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tilẹ̀ fi àdúrà sin ín padà sí Houston.

Ṣé o ti gbàgbé ohun tí pálọ̀ yẹn jẹ́ ni? Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ dókítà ológun ni àwọn ènìyàn ti ń jókòó dè mí níbẹ̀. Àgbẹ̀ á ti Ijagba wá, á ká ṣòkòtò sókè kí n rí egbò rẹ̀. Ìyàwó ilé á jókòó, á sunkún kó tó lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin sì wà nílùú òyìnbó, ẹ ń wò wọ́n bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ta ló gbà yín láyè? Ta lẹ bi?

Mo ti fi pálásítà dí i lójú. Mo ti pa fóònù mi pẹ̀lú, nítorí n kò mọ èyí tó ń wò mí nínú wọn mọ́. Lẹ́tà ni n ó máa kọ, bí mo ṣe ń kọ ọ́ sí yín láti Monrovia nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Sọ fún Kingsley kó pa gbogbo àwòrán náà rẹ́. Pa tìrẹ náà rẹ́. Kí o sì má bi mí ẹni tí obìnrin náà jẹ́.

Màmá rẹ wà. Ó jẹ ẹ̀bà lánàá, ọwọ́ mi ni mo fi fún un.

Bàbá rẹ,
Akínwọlé Ajíbọ́lá.


Leeds,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kejì, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ara wa le. Ọmọ yín kékeré ti yọ eyín méjì, ó ní kí n sọ fún yín.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín bí mo ṣe ń lọ síbi iṣẹ́. Mo sunkún débi pé obìnrin kan bi mí bóyá ẹnìkan kú fún mi. Ẹ ní inú ń bí yín. Bàbá, ẹ má bínú o, inú ń bí èmi náà.

Màmá ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù Kọkànlá. Ẹ ò sọ fún wa. Ẹnu Toyyibah ni mo ti gbọ́, lẹ́yìn tí ojú egbò ti jinná. Ìdí tí Kingsley fi ra kámẹ́rà nìyẹn. Bó bá sọ òótọ́ fún yín, ṣé ẹ máa gbà? Ẹ ẹ̀ ní gbà. Ẹ mọ ara yín.

Mi ò jókòó kí n máa wo aláìsàn ẹnikẹ́ni. Màmá ni mò ń wò. Tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, mo máa ń ṣí i, tí mo bá ti rí wọn lórí àga wọn, ọkàn mi á balẹ̀, màá lè sùn. Lọ́jọ́bọ̀ kan, Toyyibah ti lọ ọjà, ni obìnrin yìí wọlé. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú, ẹ wọ yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ kejì, ó tún wá. Bàbá, yàrá ìwòsàn yín wà lápá òsì, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, gbogbo irinṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Kí lẹ ń wá nínú yàrá ìránṣọ Màmá?

Lẹ́ẹ̀kẹta ni Màmá dìde. Wọ́n rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ṣí i, wọ́n jáde. Mò ń pariwo nínú kíṣìnnì mi, "Màmá, ẹ jókòó! Ẹ jókòó!" sí fóònù tí kò lè bá mi jíṣẹ́. Mo pè yín, ẹ ò gbé e. Mo tún pè. Àwọn ọmọ mi ń wò mí, wọ́n ń sunkún. Ọlọ́kadà kan ló gbé Màmá padà láti títì, ẹsẹ̀ wọn lásán, ó fi wọ́n jókòó sórí àga, ó lọ. Ẹ̀yin ṣì wà nínú yàrá! Èyí ni ẹ ò kọ sínú lẹ́tà yín.

Ìdí rẹ̀ tí mo fi fi àwòrán ránṣẹ́ sí Àǹtí Olúyẹ́misí nìyẹn, kí wọ́n bá mi rọra wádìí. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n kó ìyá ìjọ dání.

Èmi àti Kingsley ti sọ̀rọ̀. Bí ẹ ò bá lè sọ ẹni tí obìnrin yẹn jẹ́, kí a mọ ohun tó ń gbà yín lọ́kàn tí Màmá fi ń rìn lọ sí títì, Màmá máa lọ gbé lọ́dọ̀ Àǹtí ní Ọ̀wọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Àǹtí ti gbà. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ kàn sọ fún wa ni.

Ọmọ yín,
Yétúndé.


Isuada,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹta, 2025.

Yétúndé,

Mo kí ọ. N kò pè ọ́ ní ìyá mi lónìí, nítorí ìyá mi tí wọ́n ní ó padà wá nínú rẹ kò jẹ́ bọ́ mi síhòòhò láàárín ọjà láéláé.

Ti màmá rẹ tó rìn jáde, òótọ́ ni. Mo jẹ̀bi. Mo ti fi àgádágodo mìíràn sẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Bá mi wí lórí ìyẹn, n ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ gba ìyàwó mi? Ta ló fún yín ní ìyàwó mi? Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń ya irun rẹ̀. Toyyibah gan-an mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fún un lóúnjẹ àfi èmi. Tíṣà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá inú ìwé, kò rántí èyí tó kọ́ wọn mọ́. Èdè Ọ̀wọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ ló kù sí i lẹ́nu. Láti òwúrọ̀ ló ti ń bèèrè ilé, pé, "Ulé, ulé." Èmi náà á ní, "Ulé rèé, Dùnsìn. Ulé náà rèé." Láìpẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé Olúyẹ́misí ni yóò máa dá a lóhùn? Olúyẹ́misí tí kò ní sùúrù kí omi hó!

Nọ́ọ̀sì ni ọ́, Yétúndé. Bí ọkùnrin kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù yín ní Leeds, tó ní kí o sọ ohun tó gbé ìyàwó òun wá síbẹ̀ fún òun, ṣé o máa sọ? O ò ní dáṣà. Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wá jẹ́ pé òyìnbó nìkan ló ní àṣírí? Ará Ijagba, ará Imeri, wọn ò ní tiwọn? Èyí ló dùn mí jù. Ohun tí o kò lè ṣe sí ẹni tí o kò mọ̀ rí níbẹ̀, o ṣe é sí ẹni tó wọ ilé bàbá rẹ.

O bi mí nípa yàrá ìránṣọ. Yàrá yẹn nìkan ni fèrèsé rẹ̀ kò kọjú sí títì. Ó tán.

Ní Monrovia, ọ̀gá mi kan ní kí n kọ orúkọ àwọn ọmọ ogun tó ń gba ìtọ́jú àrùn kan lọ́dọ̀ mi. Ó fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín lójú ẹgbẹ́ wọn kó tó lé wọn. Mo kọ̀. Ó tì mí mọ́lé, ó sì kọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa mi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá àgbà wa nílé. Àwọn ẹgbẹ́ mi di Bírígédíà, èmi parí sí Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí mo dé, màmá rẹ bi mí pé, "Ṣé o kọ orúkọ wọn?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dáa. Wá jẹun." Kò tún bi mí mọ́ títí di òní. Ẹni tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ní báyìí tí Olúyẹ́misí ń gbé fóònù kiri, pálọ̀ mi ti dá páro. Ọkùnrin kan wá láti Imeri lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òkè. Ó ní, "Dókítà, ṣé wọ́n ń wò wá báyìí?" Mo ní mo ti dí i. Ó ní òun gbàgbé nǹkan sórí ọ̀kadà, òun ń bọ̀. N kò rí i mọ́. Àìsàn rẹ̀ kì í ṣe èyí tó yẹ kó gbé padà lọ sílé. Ta ni mo fẹ́ di ẹ̀bi rẹ̀ rù?

Ìdáhùn mi ni pé n kò ní sọ.

Bàbá rẹ,
A. Ajíbọ́lá.


Leeds,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, bí ẹ ò tiẹ̀ pè mí ní ìyá yín.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó wọ̀ mí lára. Mi ò ní béèrè orúkọ rẹ̀ mọ́, mi ò ní béèrè ohun tó ń ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín sí. Ṣé aláìsàn ni, àbí kì í ṣe aláìsàn? Ẹ kọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" sórí ìwé, kí ẹ fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", màá fi han Àǹtí, màá fi han Kingsley, màá pe Fíkà yín fúnra mi. Àǹtí sọ fún mi pé wọ́n ti ní kí ẹ má ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bàbá, ẹ̀yin! Mi ò lè gbọ́ irú ẹ̀ kí n sùn.

Kingsley ò fẹ́ dúró mọ́. Àǹtí ti tún yàrá ṣe, wọ́n ti ra bẹ́ẹ̀dì tó ní ìdènà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n máa wá gbé Màmá lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde. Kingsley ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló ṣòro nínú "bẹ́ẹ̀ ni"? Kí ni kí n sọ fún un, Bàbá? Ẹ fún mi ní èsì.

Ọmọ yín,
Yétúndé.


Isuada,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹrin, 2025.

Yétúndé,

Mo kí gbogbo yín. Èsì tí o ní kí n fún ọ rèé, kà á tán kí o tó bú mi.

Isuada kì í ṣe Leeds. Bí ènìyàn bá húkọ́ nídìí ilé wa, wọ́n á kí i kú ewu lọ́nà oko. Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ojú obìnrin náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí mo bá kọ "bẹ́ẹ̀ ni", o ó fi han Olúyẹ́misí. Olúyẹ́misí á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ̀bi, ẹ yin Olúwa!" Ìbéèrè tó kàn nìyí: kí ló wá ń ṣe obìnrin náà? Kí ló dé tí kì í jókòó nínú pálọ̀ bí àwọn yòókù? Kí ló ń fi pamọ́? O mọ irú àrùn tí ìlú wa máa ń fi dáhùn ìbéèrè yẹn, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun. Kí oṣù tó parí, wọ́n á ti kó ẹrù rẹ̀ síta fún un. Bí mo bá sì kọ "bẹ́ẹ̀ kọ́", aṣẹ́wó ni wọ́n á pè é. Èwo nínú méjèèjì ni kì í ṣe orí rẹ̀ ló máa já lé?

N kò lè dákẹ́ náà, nítorí wọ́n ti ń fi ojú burúkú wò ó. Mo wá lọ bá Fíkà. Olúyẹ́misí wà níbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ń yọ obìnrin náà lẹ́nu, pé mo ń ránṣẹ́ pè é, pé ó ń wá bẹ̀ mí kí n fi òun sílẹ̀, pé ìdí tó fi ń sunkún nìyẹn. Mo ní kò gbà fún mi lọ́jọ́ kan. Wọ́n gbà mí gbọ́, Yétúndé. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe yá wọn lára tó. Àádọ́ta ọdún tí mo fi gbẹ̀bí, tí mo fi rán ojú ọgbẹ́, wọ́n kó o dànù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Olúyẹ́misí ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Àwọn géńdé ń pè mí ní àgbàyà nísinsìnyí, ó sì ń ta mí lára, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n àánú obìnrin náà ń ṣe wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tó ń ṣe é.

Bóyá ohun tí mo sọ fún wọn yẹn òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, n kò ní sọ fún ìwọ náà. O ti gbé ilé mi fún ogún ọdún kí o tó lọ ilé ọkọ. Ṣírò rẹ̀.

Ẹ fẹ́ fi ìyẹn gba màmá rẹ lọ́wọ́ mi. Ẹ wá o. N ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá rẹ,
Akínwọlé.


Leeds,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹrin, 2025.

Bàbá mi, bàbá rere,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, kí ẹ má wò ó pé obìnrin ni mí.

Kí lẹ́tà yín tó dé ni Àǹtí ti pè mí. Wọ́n ní, "Bàbá yín ti jẹ́wọ́ o." Mo gbà wọ́n gbọ́, Bàbá. Mo bú yín. Mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò ní bàbá mọ́. Lánàá ni lẹ́tà yín dé. Mo kà á, mo tún un kà, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Mo gbé fóònù kí n pe Àǹtí, kí n sọ fún wọn pé ẹ parọ́ mọ́ ara yín ni. Ìgbà tí wọ́n gbé e ni mo rí i pé mi ò lè sọ ọ́. Bí mo bá ti gbà yín sílẹ̀, mo ti pa ẹlòmíràn nìyẹn. Inú bí mi débi pé mo fọ́ ife. Ẹ ti dì mí lẹ́nu pọ̀ mọ́ tiyín.

Ohun tí mo wá sọ ni pé Màmá kò ní kúrò nílé wọn. Àǹtí ní, "Lọ́dọ̀ alágbèrè?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dọ̀ bàbá mi. Wọ́n ní kí ni ìdí. Mo ní mi ò ní sọ. Kingsley náà béèrè, mo sọ bákan náà fún un. Ó ní ẹ ti fi oògùn mú mi, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó máa dùn mí títí. Mo ti pa gbogbo àwòrán náà rẹ́, mo sì ti já ojú yẹn kúrò lórí fóònù mi.

Bàbá, mi ò béèrè orúkọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹun. Nítorí àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ ni. Obìnrin yẹn, ṣé ó ti padà wá?

Ọmọ yín tó ṣẹ̀ yín,
Yétúndé.


Isuada,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2025.

Yétúndé, ìyá mi,

Mo kí ọ káàbọ̀ sílé.

Olúyẹ́misí wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde. Ó dúró níta géètì, kò wọlé. Ó ní bí bàbá ṣe rí ni ọmọ rí, pé a ti ya wèrè tán. Mo ní kó wá mu tíì. Ó ní òun ò lè mu tíì alágbèrè. Nígbà tí oòrùn mú un, ó wọlé, ó mu ún, ó mu ife kejì. Inú ṣì ń bí mi sí i. Inú ṣì ń bí mi sí Kingsley pẹ̀lú, máa sọ fún un bó bá ti ń bá ọ sọ̀rọ̀. N kò sì tíì parí bíbínú sí ìwọ náà. Ìfẹ́ kò ní kí n má bínú.

O wá bi mí bóyá ó ti padà wá. Lẹ́yìn gbogbo èyí, o tún bi mí!

N kò ní sọ fún ọ. Ìwọ tí o jókòó sí Leeds tí o rí ìdí ìkòkò ọbẹ̀ mi, èyí ni o kò ní rí. O kò ní mọ̀ bóyá ó padà wá, o kò ní mọ̀ bóyá ó sàn, o kò ní mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Bí mo bá kú, n ó gbé e lọ. Yóò máa wá sí ọ lọ́kàn bí o bá ń wẹ àwo, bí o bá ń wọ bọ́ọ̀sì, kò sì ní sí ẹni tí o máa bi. Irú rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ mi kò níye. Bí a ṣe ń fi wọ́n gbé nìyẹn, nọ́ọ̀sì. Fi tìrẹ gbé.

Màmá rẹ ti jí, ó ń pè mí. N ó lọ fún un ní uṣu rẹ̀.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Akínwọlé Ajíbọ́lá.